Ìwé Ẹ̀rí Orí Òkè Yìnyín

Ní Amẹ́ríkà, kò sí òfin ìjọba tó ní kí ènìyàn gba ìwé ẹ̀rí kó tó lè kọ́ ẹlòmíràn ní síkì, eré fífi pátákó méjì yọ̀ lórí yìnyín. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ lórí òkè. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ó dẹjọ́. Ṣùgbọ́n ní ìpínlẹ̀ Michigan, níbi tí mo ti kọ́ iṣẹ́ náà láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, ibùdó síkì kọ̀ọ̀kan ló ń yan olùkọ́ tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí sì jẹ́ ohun tí àwọn olùkọ́ gbé kalẹ̀ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá wù ló ń lọ ṣe ìdánwò náà. Ohun tó ń wú mi lórí nípa rẹ̀ títí dòní nìyẹn. Àwọn tí ẹnikẹ́ni kò fipá mú ló ń jí ní ìdájí, tí wọ́n ń wakọ̀ lọ sọ́nà jíjìn lójú títì tí yìnyín ti bò, tí wọ́n ń fi owó ara wọn san owó ìdánwò, kí àwọn àjèjì lè dúró nísàlẹ̀ òkè kí wọ́n máa wo bí wọ́n ṣe ń yí ẹsẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yunifásítì ló gbé mi dé Detroit. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí mo bá níbẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ mọ́tò tàbí ní ilé ìwòsàn. Bí ìgbà òtútù bá dé, ibi iṣẹ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọ́n ń lọ, lẹ́yìn náà wọ́n á ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀gbọ́n kan, ará Ìjẹ̀bú-Òde, tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn lọ́dún àkọ́kọ́, bi mí pé, "Àbúrò, ta ló rán ọ pé kó o lọ pàdé òtútù lórí òkè?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, àwọn ọ̀rẹ́ mi nílé ìwé ni. Ẹ jẹ́ kí n lọ wò ó ná." Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé ẹ̀wù òtútù wọn tó nípọn jù lọ jáde fún mi.

Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ń sọ yìí. Jim Dandy Ski Club ni ẹgbẹ́ wọn. Àwọn adúláwọ̀ Detroit ló dá a sílẹ̀ ní 1958, òun ló sì pẹ́ jù lọ nínú irú rẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà kì í yé sọ̀rọ̀ nípa ọdún 1973, nígbà tí Ben Finley láti Los Angeles àti Art Clay láti Chicago pe ẹgbẹ́ síkì 13 jọ sí Aspen ní Colorado, tí àwọn adúláwọ̀ tó péjọ síbẹ̀ lé ní 350. Gómìnà ní kí àwọn ọmọ ogun ìpínlẹ̀ wà ní ìmúrasílẹ̀, bí ẹni pé ogun ló ń bọ̀. Kò sí ìjà, kò sí wàhálà. Wọ́n ṣe síkì, wọ́n ṣe fàájì, wọ́n sì padà sílé. Ibẹ̀ ni National Brotherhood of Skiers ti ṣẹ̀, wọ́n sì ti kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé àwọn gbajúmọ̀ síkì Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà.

Nígbà tèmi, bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ máa ń gbéra ní ìdájí ọjọ́ Sátidé. Oúnjẹ wà nínú rẹ̀, orin ń lọ, àwọn ìyá àti àwọn ọmọ wọn jókòó síwájú. Lórí òkè tí bọ́ọ̀sì náà ń gbé wa lọ, n kò rí adúláwọ̀ kan ṣoṣo láàárín àwọn olùkọ́. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni sọ ọ̀rọ̀ burúkú sí wa. Ṣùgbọ́n mo rí i bí àwọn ọmọ wa ṣe máa ń wò káàkiri nígbà tí wọ́n bá tò wọ́n sílà fún ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń wá ojú tí wọ́n mọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyẹn ló kọjú sí mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé, níwọ̀n ìgbà tí ẹsẹ̀ mi ti wá ń dúró dáadáa, kí ló dé tí n kò lọ gba aṣọ pupa tí àwọn olùkọ́ ń wọ̀. Kò fi ṣe àwàdà rárá. Lọ́sẹ̀ náà ni mo kọ lẹ́tà sí ibùdó kan nítòsí ìlú pé mo fẹ́ kọ́ṣẹ́.

Bí a bá dárúkọ síkì, òkè Alps tàbí òkè Rocky ni yóò wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Òkè tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Lágbègbè Detroit, òkè tó bá ga tó mítà 70 tàbí 90 ti tó láti gbé àga orí okùn irin sí, kó máa gbé ènìyàn gòkè. Yìnyín tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run kì í tó wa. Ẹ̀rọ ló ń fọ́n omi àti afẹ́fẹ́ alágbára pọ̀ sójú òtútù lóru, tí omi náà á ti dì kó tó balẹ̀. Bí oòrùn bá yọ díẹ̀ lọ́sàn-án, tí òtútù sì padà lálẹ́, ilẹ̀ á le koránkorán. Lábẹ́ iná mànàmáná, ní agogo mẹ́jọ alẹ́, lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń fi etí irin abẹ́ pátákó gbá ilẹ̀ mú. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá lè dúró lórí yìnyín líle Michigan kò ní bẹ̀rù yìnyín ibòmíràn.

Ìpínlẹ̀ náà sì ní ìtàn nínú síkì. Ní Ishpeming, lápá àríwá rẹ̀, ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ síkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà sílẹ̀ ní 1905. Stein Eriksen, ọmọ Norway tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1952, ti ṣe olórí àwọn olùkọ́ ní Boyne Mountain rí, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ lo àga oníjókòó mẹ́rin ní 1964.

Oṣù Kọkànlá ni ibùdó tí mo kọ lẹ́tà sí pe àwa tó fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí ilẹ̀ tó funfun. Inú ilé oúnjẹ ibùdó náà la jókòó sí. Ọ̀gá wa ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Abẹ́ àwọn ará Austria lòun fúnra rẹ̀ ti kọ́ṣẹ́ nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ìtàn ló fi bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹni tó wo aago. Ó sọ fún wa nípa Hannes Schneider, tó ṣètò ẹ̀kọ́ síkì ní ìpele-ìpele ní abúlé St. Anton ní Austria, láti orí ẹni tí kò tíì fẹsẹ̀ kan yìnyín rí títí dórí ẹni tó mọ̀ ọ́n dunjú. Àwọn Nazi tì í mọ́lé ní 1938. Ní 1939 ó dé North Conway ní New Hampshire, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí tó fi kú. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn olùkọ́ láti Austria, Switzerland, Norway àti Faransé kún gbogbo òkè Amẹ́ríkà, kálukú wọn sì ń kọ́ni bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé. Ọ̀gá wa ní akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ bí a ṣe ń yí èjìká tẹ̀lé pátákó, kó dé òkè kejì kí wọ́n sọ fún un pé kó yí èjìká náà sódì. Owó rẹ̀ lọ, ara rẹ̀ sì dàrú.

Ìdánwò wà lóòótọ́, wọ́n ti ṣe é ní Vermont láti 1938, ṣùgbọ́n agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní 1961 ni àwọn méje kan péjọ ní Whitefish ní Montana, tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ó yẹ kí ọ̀nà ìkọ́ni kan wà fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Bill Lash ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Willy Schaeffler, Paul Valar, Max Dercum àti Doug Pfeiffer wà nínú wọn. PSIA ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ náà títí dòní. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn olùkọ́ gbogbo ayé, tí wọ́n ti ń ṣe àpérò wọn ní Yúróòpù láti 1951, fi gbé e wá sí Aspen, ní 1968.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ohun tí àwọn méje yẹn ṣe, nítorí òun ló kàn mí jù. Nílé wa, ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀gá òun ni fìrídọ̀ọ̀mù òun wà. Ọ̀gá rere á ṣe é fún un tayọ̀tayọ̀. Ọ̀gá tó bá ní in sínú á fà á títí. Ní ti iṣẹ́ yìí, ọ̀gá rẹ kọ́ ló ń dá ọ sílẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́ rí, tí wọn kò jẹun pẹ̀lú rẹ, tí wọn kò mọ ọmọ ẹni tí o jẹ́, ni yóò wò ọ́, òṣùwọ̀n tí wọ́n sì fi wọn ẹni tó ṣáájú rẹ náà ni wọ́n á fi wọ̀n ọ́. Fún ọmọ Ìbàdàn tó ń bá àwọn tí wọ́n ti ń ṣe síkì láti kékeré díje, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Yìnyín dé, a sì jáde. Mo rò pé wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń sáré, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń rìn jẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi wá sí. Pátákó ìgbà náà gùn, ó sábà máa ń tó mítà méjì, ó sì tọ́ gbọnrangandan. Kò fẹ́ yí bí kò ṣe pé kó o mọ̀ ọ́n yí. Ìwé ẹ̀kọ́ PSIA pín gbogbo iṣẹ́ náà sí ọ̀nà mẹ́ta: yíyí ẹsẹ̀, fífi etí pátákó gbálẹ̀ mú, àti mímọ ìwọ̀n bí a ṣe ń tẹ ara mọ́ pátákó. Ohun gbogbo tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe, dáadáa tàbí búburú, inú àwọn mẹ́ta yẹn ló ti wá. Wọ́n á ní kí á kó orí pátákó méjèèjì súnmọ́ra, kí á fẹ ìdí wọn, kí á máa sọ̀ kalẹ̀ bí ọmọ ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìrọ̀rùn, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń wò lè rí ohun tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ẹni tó ti ń sáré tẹ́lẹ̀ ló máa ń nira fún jù. Eré a máa bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí o bá rọra ń lọ, gbogbo ayé ló ń rí i.

Horst Abraham, tó darí ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ nínú PSIA ní àwọn ọdún 1970, ti gbé ìwé rẹ̀, Skiing Right, jáde ní 1983. Ọ̀gá wa fi tirẹ̀ yá wa lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìkìlọ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kà á pé ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ló yẹ kí olùkọ́ máa wò, kì í ṣe ìrísí ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan: ohun tó ń rò, ohun tó ń bà á lẹ́rù, ọ̀nà tí òye fi ń yé e.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá so wá mọ́ ẹ̀yìn àwọn olùkọ́ àgbà. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ mi ni kí n dúró sẹ́yìn kíláàsì ẹlòmíràn, kí n gbé ọmọ tó bá ṣubú dìde, kí n sì dákẹ́. Ó wù mí kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kọ́ni ní ohunkóhun la irú àkókò bẹ́ẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Mo rí i pé olùkọ́ rere máa ń dúró sísàlẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí oòrùn bọ́ sí ojú tirẹ̀, kó má bọ́ sí tiwọn. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ló ń kó wọn dúró sí, níbi tí àwọn tó ń bọ̀ láti òkè á ti rí wọn. Àti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń sọ fún wọn pé ẹni tó wà níwájú lórí òkè ló lọ̀nà, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló gbọdọ̀ yà fún un.

Obìnrin àgbàlagbà kan, ẹni tó kọ́ mi jù lọ nínú wọn, a máa fọwọ́ kan bàtà akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó sọ ọ̀rọ̀ kankan. Ọmọ tó bá ń sunkún, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìbọ̀sẹ̀ méjì ló wọ̀, tó ká sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń gún un. Bàtà tó bá dẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ darí pátákó, bó ti wù kí ẹni náà gbọ́n tó. Ó tún ń wo ohun tó de bàtà mọ́ pátákó, bóyá wọ́n ti dẹ̀ ẹ́ tàbí mú un le bó ṣe bá ìwọ̀n ara, gíga àti ọjọ́ orí onítọ̀hún mu, nítorí nǹkan yẹn ló máa jẹ́ kí pátákó já kúrò lẹ́sẹ̀ kí egungun tó ṣẹ́.

Ìbẹ̀rù ni iṣẹ́ wa gan-an. Ara ẹni tó bá ń bẹ̀rù lórí òkè a máa fà sẹ́yìn, òkè a sì máa jẹ ẹ́ níyà fún un: bí ìwọ̀n ara bá ti bọ́ sórí ìdí pátákó, iwájú rẹ̀ á fúyẹ́, kò ní gbọ́ràn sí ẹsẹ̀ lẹ́nu mọ́, eré á pọ̀ sí i, ìbẹ̀rù á sì di méjì. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á máa kígbe pé, "Tẹ̀ síwájú! Tẹ̀ síwájú!" Ọ̀rọ̀ náà kò wúlò. Wọ́n kọ́ wa pé kí á mú onítọ̀hún padà síbi tó tẹ́jú, níbi tí pátákó yóò ti dúró fúnra rẹ̀, kí á jẹ́ kó yọ̀ díẹ̀ kó sì dúró, kó tún yọ̀ kó dúró, títí ara rẹ̀ á fi gbà pé òun lè dúró nígbàkígbà tó bá wu òun. Ìgbà náà ló máa tẹ̀ síwájú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Mo ti rí ìyá ẹni àádọ́ta ọdún tó fi odindi òwúrọ̀ di apá mi mú, tó sì dá sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tó ń yí sọ́tùn-ún, tó ń yí sósì. Ayọ̀ tí mo rí lójú rẹ̀ ló mú mi pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan.

Ìdánwò náà wáyé ní òkè kan tó ga ju tiwa lọ, ní ìhà àríwá Michigan, fún ọjọ́ méjì. Nígbà náà, ẹni tó bá yege ní ìpele ìsàlẹ̀ á di Associate, ẹni tó bá borí èyí tó le jù á di olùkọ́ kíkún. Nọ́ńbà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ wa láyà, nọ́ńbà yẹn náà ló wà lórí ìwé tí wọ́n ń kọ máàkì sí. Lọ́jọ́ kìíní, a ṣe gbogbo ohun tí a ti kọ́: èyí tó rọra jù lọ, èyí tí a ń kó ẹsẹ̀ pọ̀ bí a bá yí tán, èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì wà pa pọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, àti yíyí kúkúrú-kúkúrú níbi tó ga tó sì le. Àwọn olùdánwò kò sọ̀rọ̀, wọ́n ń kọ̀wé. Nígbà mìíràn wọ́n á nawọ́ sí ẹnì kan tí kò sí lára wa, tó kàn ń bá tirẹ̀ lọ lórí òkè, wọ́n á ní, "Kí lo rí? Kí ló fà á? Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe fún un?" Ìbéèrè yẹn le ju gbogbo yíyí lọ. Ó rọrùn láti sọ pé apá onítọ̀hún ń fì káàkiri. Ṣùgbọ́n apá tó ń fì kì í sábà jẹ́ ìdí ọ̀ràn. Ìdí rẹ̀ lè wà lábẹ́ ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a fa káàdì. Ohun tó wà lórí tèmi ni kí n kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù eré bí wọ́n ṣe lè so ìyí kan mọ́ òmíràn. Àwọn tí a jọ ń ṣe ìdánwò ló di akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo kó wọn lọ síbi tó tẹ́jú, mo ṣe é fún wọn wò lẹ́ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà mo ní kí wọ́n máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn, ẹnì kan tẹ̀lé ẹnì kan, kí eré wọn má ju tèmi lọ. Èmi ni mo wà níwájú, nítorí náà kò sí ẹni tó nílò láti bẹ̀rù eré. Obìnrin olùkọ́ àgbà yẹn ni mo ń fọkàn bá sọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo fi ń ṣe é.

Ọ̀dọ́kùnrin kan wà nínú wa tó ti sáré ìdíje láti kékeré. Kò sí ẹni tó yọ̀ dáadáa tó o nínú gbogbo wa, mo sì ń fi inú dídùn wò ó. Nígbà tó kan an láti kọ́ni, ó ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé bí egungun itan ṣe ń yí, ó ṣàlàyé bí agbára ṣe ń ti ara síta, òtútù sì ń wọ ẹsẹ̀ wa. Wọn kò fún un ní ìwé ẹ̀rí. Àwọn kan bínú nítorí rẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ta ló tún mọ síkì jù ú lọ. Èmi gbà nígbà náà, mo sì gbà títí di ìsinsìnyí, pé àwọn olùdánwò ṣe òtítọ́. Wọ́n ń dá olùkọ́ mọ̀, kì í ṣe sárésáré. Ó padà wá lọ́dún kejì, ó gbà á, mo sì gbọ́ pé ó dáńgájíá lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nọ́ńbà ni wọ́n pè nínú ilé oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ kejì ìdánwò náà. Nígbà tí wọ́n pe tèmi, mo jáde síwájú, wọ́n sì fi báàjì kékeré náà mọ́ mi láyà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo wọ bọ́ọ̀sì Jim Dandy pẹ̀lú báàjì náà lórí aṣọ pupa. Ìyá tó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi fọwọ́ kàn án, ó sì pariwo pe gbogbo àwọn ọmọ tó wà níwájú kí wọ́n wá wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi ní Detroit ya fọ́tò mi nínú aṣọ náà, wọ́n fi ránṣẹ́ sílé, wọ́n kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, "Olùkọ́ ni wọ́n ń pè é níbí o."

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Orúkọ àwọn ìpele ti di Level I, II àti III. Ní 1993, ilé iṣẹ́ Elan ní Slovenia gbé pátákó kan jáde tí orí àti ìdí rẹ̀ fẹ̀ ju àárín lọ. Pátákó bẹ́ẹ̀ máa ń yí fúnra rẹ̀ bí a bá ti dà á sórí etí, ohun tó sì ń gba àwa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti fi kọ́ni wá di ohun ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ní 1997, àwọn olùkọ́ snowboard ní ẹgbẹ́ tiwọn lábẹ́ òrùlé kan náà. Nígbà tí Seun Adigun àti Simidele Adeagbo gbé àsíá Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang ní 2018, kì í ṣe síkì ni wọ́n ṣe, eré orí yìnyín mìíràn ni, ṣùgbọ́n mo jókòó ti tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo dúpẹ́ pé pátákó ti rọrùn. Ohun tí mo ń bẹ àwọn tó ń kọ́ olùkọ́ tuntun ni pé kí wọ́n má ṣe gé àkókò tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ fi ń dúró sẹ́yìn kíláàsì ẹlòmíràn kúrú. Pátákó lè yí fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í lọ fúnra rẹ̀.

Nínú àwọn ọmọ tí mo kọ́ láti inú bọ́ọ̀sì náà, ọ̀kan, ọmọbìnrin tó fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ sunkún, gba ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ nígbà tó dàgbà. Ó ṣì ń kọ́ni ní Michigan lọ́jọ́ Sunday. Kì í gba àwọn tó ti mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbàlagbà tó ń bẹ̀rù jù lọ ló ní kí wọ́n máa kó fún òun.